Ta Ló Pe Gbèsè Náà Kí Akọ̀wé Tó Kọ Ọ́?

 

Gbólóhùn kan ti di ohun àmúyangàn lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí wọ́n ń ṣe òwò àti iṣẹ́ ọwọ́ ní ìlú Ìbàdàn, láti Àgbowó títí dé Challenge. Bí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ wá, tí ẹnì kejì sì dábàá pé kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀, wọn a ní: "Mùsùlùmí ni àwa méjèèjì, kí ni ìwé fẹ́ ṣe láàárín wa?" Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì jọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó ń pa ìfẹ́. Bí oṣù méjì bá kọjá, tí owó iṣẹ́ di àríyànjiyàn, àwọn méjì tí wọ́n ti jọ ń dúró lórí sàfù kan náà kò ní kí ara wọn ní sàlámà mọ́. Ọ̀kan nínú wọn a sì wá mọ́sálásí mìíràn tí yóò máa kírun.

Ẹ wo bí ó ti máa ń rí. Ní Àgbowó, ní iwájú Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ń tẹ̀wé, tí ń ṣe ẹ̀dà ìwé, tí wọ́n sì ń di ìwé pọ̀, tò lọ bẹẹrẹ. Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan lè gbé ìwé ètò àpéjọ wọn fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbẹ̀ pé kí ó bá àwọn tẹ̀ ẹ́. Lórí fóònù ni wọ́n ti fẹnu kò sí 300 ẹ̀dà. Ní ọjọ́ kejì, ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tún pè, ó ní kí ó fi 200 kún un, kí èèpo ìwé náà sì jẹ́ aláwọ̀ mèremère. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kò burú. Ó tan jẹnẹrétọ̀, ó ṣiṣẹ́ mọ́jú, ó gbé 500 ẹ̀dà lọ fún wọn, wọ́n gbà á, wọ́n sì pín in. Lẹ́yìn àpéjọ ni ó mú ìwé owó lọ, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní ínfọ́ìsì. Akápò wò ó, ó ní: "300 ni ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí. Ta ló ní kí o fi àwọ̀ sí i?" Ẹni tí ó pè lórí fóònù ti rìnrìn àjò; bí ó bá sì padà dé, ó lè ní ṣe ni òun kàn ń béèrè iye tí yóò jẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣí ìwé kékeré tí ó máa ń kọ iṣẹ́ sí. 500 ni ó wà níbẹ̀, aláwọ̀ ni ó wà níbẹ̀. Ta ló kọ ọ́? Òun fúnra rẹ̀. Ìgbà wo ló kọ ọ́? Òun nìkan ló mọ̀.

Nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, ó ṣeé ṣe kí ó má sí ẹni tí ó purọ́. Ọ̀kan gbàgbé, èkejì kò gbọ́ dáadáa, ẹ̀kẹta rò pé òun ti sọ fún akápò, kò sì sọ. Ohun tí ó sì mú kí ó burú nìyẹn: àwọn olódodo ń pe ara wọn ní òpùrọ́.

Ọlọ́hun kò fi irú ọ̀ràn yìí sílẹ̀ láìsọ. Ẹsẹ tí ó gùn jù lọ nínú gbogbo Àlùkùránì kò sọ̀rọ̀ nípa ìrun, kò sọ̀rọ̀ nípa ààwẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ nípa Hájì. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni ó ń sọ. Ẹsẹ 282 ni, nínú Súrà Al-Baqarah. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti pàṣẹ pé kí gbèsè tí ó ní ọjọ́ jẹ́ kíkọ sílẹ̀, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ bí ó ti tọ́ láìṣègbè. Ó ní kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀. Ó kìlọ̀ pé kí ó má ṣe sú ènìyàn láti kọ ọ́, ìbáà ṣe kékeré, ìbáà ṣe ńlá. Òwò ojú ẹsẹ̀ nìkan ni Ó yọ sílẹ̀, èyí tí ọjà àti owó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó ra búrẹ́dì ní Dùgbẹ̀ tí ó sì sanwó kí ó tó kúrò níbẹ̀ kò nílò ìwé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n gbà lónìí, tí wọn yóò gbé jíṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, tí owó rẹ̀ yóò sì jáde ní ìparí oṣù, kò sí lára ohun tí Ọlọ́hun yọ sílẹ̀.

Ta sì ni Ọlọ́hun pè ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ náà? Àwọn onígbàgbọ́ òdodo ni. Kò pe àwọn olè, kò pe àwọn aláìgbàgbọ́, kò pe àwọn tí kò fọkàn tán ara wọn. Ẹni tí ó bá ní ìgbàgbọ́ àwọn kò fẹ́ ìwé, ó yẹ kí ó sọ fún àwọn ènìyàn ibi tí ó ti rí ìgbàgbọ́ tirẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú ẹsẹ náà tí ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń fò kọjá, bẹ́ẹ̀ òun ni ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ínfọ́ìsì jù lọ. Nígbà tí akọ̀wé bá jókòó, ta ni yóò máa pe ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé yóò kọ? Ọlọ́hun kò ní kí ẹni tí wọ́n jẹ lówó pè é. Ẹni tí ó jẹ gbèsè ni Ó ní kí ó pè é, kí ó bẹ̀rù Olúwa rẹ̀, kí ó má sì dín ohunkóhun kù nínú rẹ̀. Bí onígbèsè náà bá jẹ́ ẹni tí kò lè pè é fúnra rẹ̀, alámòójútó rẹ̀ ni yóò bá a pè é. Àwọn onímọ̀ ìtumọ̀ Àlùkùránì ṣàlàyé ìdí rẹ̀: ohun tí onígbèsè bá fi ẹnu ara rẹ̀ pè, ìjẹ́wọ́ ni, kò sì sí ẹ̀rí tí ó lágbára tó ìjẹ́wọ́.

Nísinsìnyí, kí ni ínfọ́ìsì? Ọ̀rọ̀ ẹni tí ń béèrè owó ni. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó ni ó pè é, òun ni ó kọ ọ́, òun náà ni ó tẹ òǹtẹ̀ sí i. Bí ó bá lẹ́wà tó, bí orúkọ ilé-iṣẹ́ bá wà lórí rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà, ẹ̀sùn lásán ni títí ẹni kejì yóò fi gbà á. Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) sì ti fi ìlànà lélẹ̀ pé ẹni tí ó pe ẹjọ́ ni yóò mú ẹ̀rí wá, ẹni tí ó sẹ́ ni yóò búra. Nítorí náà, ọ̀dọ́mọkùnrin Àgbowó tí ó ṣí ìwé kékeré rẹ̀ kò tíì mú ẹ̀rí kankan wá. Ìrántí ara rẹ̀ ni ó mú wá. Bí akápò bá fi Ọlọ́hun búra pé 300 ni òun mọ̀, ẹjọ́ náà ti parí.

Nítorí èyí, iṣẹ́ ńlá kò sí nínú kíkọ ínfọ́ìsì. Iṣẹ́ ńlá wà nínú pé kí oníbàárà fi ẹnu tàbí ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ohun tí ó fẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sì nira. Bí ọ̀rọ̀ bá parí lórí fóònù, kí oníṣẹ́ kọ ohun tí ó gbọ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp lójú ẹsẹ̀: irú iṣẹ́, iye ẹ̀dà, irú bébà, àwọ̀, iye owó, ọjọ́ tí yóò jáde. Kí ó sì dúró de èsì rẹ̀. Èsì náà ni ìpè onígbèsè. Bí oníbàárà bá tún pè pé kí wọ́n fi 200 kún un, ọ̀rọ̀ tuntun ni ìyẹn, ó sì fẹ́ ìpè tuntun àti iye tuntun kí ẹ̀rọ tó tún yí. Níbi àfikún yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń ṣẹ́yọ. Àdéhùn àkọ́kọ́ máa ń yé tọ̀tún-tòsì. "Bá mi fi díẹ̀ kún un" tí ó tẹ̀lé e ni kì í yé ẹnikẹ́ni.

Àwọn ìyá àgbà tí kò mọ̀ ọ́n kọ, tí kò mọ̀ ọ́n kà, mọ èyí ju àwọn tí wọ́n gba oyè ní yunifásítì lọ. Ẹfun tàbí èédú ni wọ́n fi ń fa ilà sára ògiri fún ẹni tí ó bá jẹ oúnjẹ àwìn, ojú ẹni tí ó jẹ ẹ́ náà ni wọ́n sì ti ń fà á. Ẹ wo àwọn alájọ tí ń yí ọjà ká láràárọ̀. Bí ìyá aláta bá dá owó, alájọ a sàmì sínú ìwé tirẹ̀, a sì tún sàmì sórí káàdì tí ó wà lọ́wọ́ ìyá aláta. Àkọsílẹ̀ méjì ni, lọ́wọ́ ènìyàn méjì. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀ sí èkejì, àwọn méjèèjì yóò mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì tutù. Ọmọ ìyá aláta yìí kan náà ni ó kàwé jáde, tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ring Road, tí ó sì ń gba iṣẹ́ ńlá láìsí ìwé kankan lọ́wọ́ oníbàárà.

Kì í ṣe pé àwọn baba ńlá kò mọ ohun tí àìkọ̀wé ń fà. Ní ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí wọ́n jẹ lówó lè rán ológò lọ dógò ti onígbèsè. Ológò a jókòó sínú ilé, a máa pariwo, a máa mú adìyẹ àti ewúrẹ́ tí ó bá rí, títí gbogbo agbo ilé yóò fi sá káàkiri láti wá owó náà san. Samuel Johnson ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣòwò aṣọ ará Ìjẹ̀ṣà tí ń tà láwìn gba orúkọ Òṣómàáló, nítorí pé lílóṣòó ni wọ́n ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó jẹ wọ́n títí owó yóò fi jáde. Ìtìjú ni ó ń gba owó fún wọn. Ohun tí àwọn kan ń ṣe lónìí tí wọ́n ń gbé àwòrán onígbèsè sórí Facebook, ìdógò náà ni, fóònù ni wọ́n kàn gbé wọ̀ ọ́.

Àwọn kan nínú àwọn tí ó mọ kéwú díẹ̀ yóò dìde níhìn-ín, wọn yóò ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ onímọ̀ sọ pé àṣẹ kíkọ gbèsè kì í ṣe ọ̀ranyàn, ìmọ̀ràn rere ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Al-Tabari àti Ibn Hazm wà lára àwọn tí wọ́n kà á sí ọ̀ranyàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò bá wọn lọ, pàápàá nítorí ẹsẹ tí ó tẹ̀lé e, tí ó fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n bá fọkàn tán ara wọn. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ kejì yìí kan náà di ẹrù lé ẹni tí wọ́n fọkàn tán lórí: ó ní kí ó dá àmáánà padà, kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun, ó sì ka fífi ẹ̀rí pamọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ ọkàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìrọ̀rùn inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹrù inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ó sì yani lẹ́nu pé àwọn tí wọ́n ń bá arákùnrin wọn jà lórí gígùn ṣòkòtò àti irùngbọ̀n, tí wọn kì í fẹ́ kí súnnà kan ṣoṣo bọ́ sọnù, ni ọ̀rọ̀ "kì í ṣe ọ̀ranyàn" máa ń tètè yọ lẹ́nu wọn bí ó bá di ọ̀rọ̀ owó.

Bí ó bá sì jẹ́ pé bíbéèrè ẹ̀rí ni wọ́n ń kà sí àbùkù, kí wọ́n rántí ìtàn Khuzaymah ọmọ Thabit, tí Abu Dawud àti an-Nasa'i gbà wá. Ànábì ra ẹṣin lọ́wọ́ ará oko kan, ó sì ń lọ síwájú kí ó lè san owó rẹ̀. Àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ pé ó ti rà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó lé owó fún ará oko náà. Ojú rẹ̀ wọ owó tuntun, ó sẹ́, ó ní òun kò tíì tà á, ó sì ní kí Ànábì mú ẹlẹ́rìí wá. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni wọ́n béèrè ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ rẹ̀! Kò ní kí wọ́n na ọkùnrin náà, kò sì sọ pé ipò òun ti tó ẹ̀rí. Khuzaymah ni ó jẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń nájà. Ó ní bí òun bá ti gba Ànábì gbọ́ lórí ìròyìn sánmọ̀, òun gbà á gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹṣin. Láti ọjọ́ náà ni Ànábì ti ka ẹ̀rí rẹ̀ sí ti ẹni méjì. Bí ẹ̀dá tí ó lóòótọ́ jù lọ bá gbà kí wọ́n béèrè ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ òun, ta ni akápò ẹgbẹ́ tí yóò bínú nítorí wọ́n ní kí ó fọwọ́ sí ìwé?

Nígbà tí Ànábì dé Mẹ̀dínà, ó bá àwọn ènìyàn níbẹ̀ tí wọ́n ń san owó sílẹ̀ fún èso tí yóò dé lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì. Kò kọ̀ ọ́ fún wọn. Ó kàn ní kí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mímọ̀, kí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mímọ̀, kí ọjọ́ rẹ̀ sì jẹ́ mímọ̀. Ẹni tí ó ń gba iṣẹ́ pákó ní Bódìjà lè fi èyí wo ara rẹ̀. "Pákó tí ó dára" kì í ṣe òṣùwọ̀n. Irú igi, gígùn rẹ̀, nínípọn rẹ̀ àti iye rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. "Lẹ́yìn ọdún Iléyá" kì í ṣe ọjọ́. Bí ẹrù bá sì dé ilé oníbàárà, kí ẹni tí ó gbà á kọ orúkọ àti ọjọ́ sórí ìwé ìgbẹrù, nítorí àwọn kan wà tí kò ní jiyàn lórí iye owó, ṣùgbọ́n tí wọn yóò ní igba ni ó dé, kì í ṣe ọ̀ọ́dúnrún.

Owó sísan náà fẹ́ ojú. Nígbà tí owó bébà wọ́n gógó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà tí kò gba owó lórí fóònù rí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ sì ń fi álátì irọ́ kó ọjà lọ. Ẹni tí ó bá gba àsansílẹ̀, kí ó wò ó nínú àpamọ́ rẹ̀ ní báńkì pé ó ti wọlé, kí ó kọ risíìtì, kí ó kọ ohun tí owó náà wà fún àti iye tí ó ṣẹ́kù. Ẹni tí ó ń san owó pẹ̀lú, kí ó kọ ohun tí ó ń san sí ibi tí báńkì fi sílẹ̀ fún un, dípò kí ó fi í sílẹ̀ lófìfo.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá di àríyànjiyàn, ibi tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ sá lọ ni àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní abala 32, sọ ọ́ ní gbangba pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tí ó yẹ̀ lásán. Mùsùlùmí tí ó san owó kí wọ́n lè ti arákùnrin rẹ̀ mọ́lé nítorí owó iṣẹ́ ti bá àbòsí dòwò pọ̀, kódà bí owó náà bá tọ́ sí i. Kóòtù wà ní Ìyágankú. Ìgbìmọ̀ Sharia olómìnira tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 2002 wà fún irú ọ̀ràn báyìí láàárín àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n bá fẹ́ kí ó dá a fún wọn. Ibi yòówù kí wọ́n gbé e lọ, ìbéèrè kan náà ni wọn yóò bá níbẹ̀: ìwé dà? Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 84, fàyè gba ohun tí ó ti inú kọ̀ǹpútà jáde bí àwọn ìlànà rẹ̀ bá pé, àtúnṣe ọdún 2023 sì tún fẹ̀ ẹ́ lójú sí i. Nítorí náà, ẹni tí ó ń pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́ kí fóònù lè ní àyè ń pa ẹlẹ́rìí ara rẹ̀ rẹ́.

Ṣùgbọ́n kí adájọ́ tó dájọ́, kí àwọn méjèèjì rántí ohun tí Umm Salamah gbà wá, pé Ànábì kìlọ̀ fún àwọn tí wọ́n ń gbé ẹjọ́ wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀: ó lè jẹ́ pé ẹnì kan mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ẹnì kejì lọ, tí òun yóò sì dá a láre lórí ohun tí òun gbọ́, bí ó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ arákùnrin rẹ̀ ni ó gbà lọ, iná ni ó gé fún un. Oníṣẹ́ tí ó fi owó epo jẹnẹrétọ̀ tí wọn kò jọ sọ kún ínfọ́ìsì wà nínú ìkìlọ̀ yìí. Oníbàárà tí ó mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé òun ni òun ní kí wọ́n fi 200 kún un, tí ó sì fara pamọ́ sábẹ́ àìsí ìwé, wà nínú rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ànábì ka ìfòní-dónìí ẹni tí ó lówó lọ́wọ́ sí àbòsí. Ẹni tí ó gba iṣẹ́ ní kíkún lọ́wọ́ alágbàṣe tí kò sì san owó rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́ta tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ yóò bá ṣe ẹjọ́ ní Ọjọ́ Àjíǹde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti korò jù ni ọ̀dọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sálásí. Wọn yóò pe bíríkìlà, wọn yóò pe ẹni tí ń so iná mànàmáná, wọn yóò pe ẹni tí ń ṣe ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọn yóò ní kí ó bẹ̀rẹ̀, ilé Ọlọ́hun ni. Bí ó bá mú ìwé owó wá, alága a ní kí ó fi àṣẹ́kù ṣe sáàrà. Sáàrà ta ni? Ẹni tí kò bá fi ọkàn ara rẹ̀ yọ̀ǹda owó rẹ̀ kò ṣe sáàrà. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n gbé òkú ọkùnrin kan tí ó jẹ gbèsè dínárì mélòó kan wá, Ànábì kò kírun sí i lára títí Abu Qatadah fi gbà pé òun ni yóò san án. Àwọn kan ń kírun jákọ̀ọ̀ lórí àwọn ènìyàn lójoojúmọ́ nínú mọ́sálásí tí owó òrùlé rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ìgbìmọ̀.

Kí Ramadan tí ń bọ̀ tó wọlé, mọ́sálásí púpọ̀ ní Bódìjà, ní Ring Road àti ní Challenge yóò tún pe àwọn tí yóò kun ilé, tí yóò tún ẹ̀rọ omi ṣe, tí yóò sì se oúnjẹ ìṣínu. Kí akọ̀wé ìgbìmọ̀ mú ìwé méjì wá sí ìpàdé náà. Kí alága pe iye iṣẹ́ àti iye owó jáde létí oníṣẹ́, kí akápò fọwọ́ sí i, kí ẹni méjì jẹ́rìí sí i, kí oníṣẹ́ sì mú ẹ̀dà kan lọ sílé. Bí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ bá bínú sí akọ̀wé nítorí èyí, kí wọ́n ka ìparí ẹsẹ 282 fún un, níbi tí Ọlọ́hun ti ka fífi ìnira kan akọ̀wé àti ẹlẹ́rìí sí ìwà ẹ̀ṣẹ̀.